Tíṣà pírámárì, ta ló ni ín gan-an?

Ibi tí mo ti ń gẹrun ní Ìsìkàn lọ́jọ́ Sátidé kan ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá kan tó ń dúró kó kan òun ń ka nǹkan lórí fóònù ẹ̀, ló bá kàn sọ ọ́ síta: "Àwọn tíṣà yìí mà ò nítẹ̀ẹ́lọ́rùn o. Gọ́mìnà ní kí wọ́n máa gba ₦73,000, aago méjì ọ̀sán wọ́n ti délé, hólídè lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún, kí ni wọ́n tún ń fẹ́?" Onígbàjámọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni bàbá, pé ìyàwó òun gan-an ń wá iṣẹ́ tíṣà ìjọba, pé iṣẹ́ jẹ́jẹ́ ni. Mo fẹ́ dákẹ́ o, torí ẹni tí orí ẹ̀ wà lábẹ́ abẹ kì í bá onígbàjámọ̀ jiyàn. Ṣùgbọ́n àǹtí mi, àbúrò màmá mi, ti ń kọ́mọ ní pírámárì níbí ní Àkúrẹ́ láti bí ọdún mẹ́rìndínlógún, mo sì mọ ọ̀rọ̀ owó oṣù wọn ju bí mo ṣe mọ tèmi lọ. Ni mo bá là á yé wọn. Ohun tí mo sọ níbẹ̀ náà ni mo fẹ́ sọ níbí, mo kàn máa fi ọbẹ̀ díẹ̀ sí i, torí kì í ṣe bàbá yẹn nìkan ni ò yé, ọ̀pọ̀ wa ni, títí kan àwọn tíṣà míì gan-an.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi ₦73,000 yẹn mú un. Owó yẹn kì í ṣe owó tíṣà. Owó oṣù tó kéré jù ni, ìyẹn ni pé ẹni tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, Level 1, ẹni tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì tàbí tó ń gbé fáìlì kiri ní Alágbàka níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà, ìjọba ò gbọdọ̀ fún un ní ohun tó dín síyẹn. July 2024 ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin ₦70,000 fún gbogbo orílẹ̀-èdè, nígbà tó yá ìpínlẹ̀ Oǹdó fi ₦3,000 lé e. Tíṣà tó ní NCE, Level 7 ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ní dìgírì ń bẹ̀rẹ̀ láti Level 8. Torí náà tíṣà ń gbà ju iye yẹn lọ, òótọ́ ni. Ẹ máa ní ṣebí ó dáa nìyẹn. Ẹ ní sùúrù.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé tí wọ́n bá kéde owó tuntun, kì í ṣe gbogbo èèyàn ni wọ́n ń fi iye kan náà kún tiẹ̀. Ẹ jẹ́ n fi ti 2019 ṣe àpẹẹrẹ. Lọ́dún yẹn, wọ́n gbé owó tó kéré jù kúrò ní ₦18,000 lọ sí ₦30,000. Tí ẹ bá ṣírò ẹ̀, nǹkan bí 67% ni. Gbogbo ìlú gbọ́ ọ. Oníresì gbọ́ ọ, lándíládì gbọ́ ọ, ọlọ́kadà náà gbọ́ ọ. Àfi ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ àti àwọn yúníọ̀nù jókòó ní October ọdún yẹn láti pín in fún àwọn tó wà lókè, wọ́n ní kí Level 7 gba 23.2%, Level 8 gba 20%, Level 9 gba 19%, láti Level 10 dé 14 kí wọ́n gba 16%, láti 15 dé 17 kí wọ́n gba 14%. Àtẹ owó oṣù ti ìjọba àpapọ̀ nìyẹn o, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tún padà sílé lọ bá yúníọ̀nù tiẹ̀ fa ọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀. Ẹ wá wò ó: ká ní tíṣà kan wà ní Level 10 tó ń gba ₦60,000, mo kàn mú iye yẹn fún ìṣírò ni, 16% ẹ̀ jẹ́ ₦9,600. Ẹni tó wà ní Level 1 rí ₦12,000 lé lórí tiẹ̀. Tíṣà tó ti lo ọdún mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nídìí ẹ̀, náírà tí wọ́n fi kún tiẹ̀ ò tó ti ẹni tó wọṣẹ́ lánàá. Mi ò sọ pé kí wọ́n má fún Level 1 o, ẹni yẹn náà fẹ́ jẹun. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìròyìn 67% ló gba ìlú kan, 16% ló dé ọwọ́ tíṣà, ọjà sì ń gbówó lé e bíi pé 67% ni gbogbo wa gbà. Lándíládì kì í béèrè pé Level wo lo wà kó tó fi kún owó ilé.

Náírà fúnra ẹ̀ tún wà ńlẹ̀. Ní 1981, ₦125 ni owó tó kéré jù, nígbà yẹn náírà lágbára ju dọ́là lọ, ₦125 tó nǹkan bí 200 dọ́là. Ní 2019, ₦30,000 ò ju nǹkan bí 83 dọ́là lọ. ₦70,000 tí wọ́n ń pariwo ní 2024, tí ẹ bá fi bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́ dọ́là lóṣù yẹn pín in, nǹkan bí ₦1,600 sí dọ́là kan, 44 dọ́là ló bọ́ sí. Ọ̀dọ̀ wa níbí a kì í fi dọ́là ra ẹ̀fọ́, mo mọ̀, ṣùgbọ́n epo mọ́tò ni wọ́n fi ń gbé ẹ̀fọ́ wá láti oko, epo yẹn sì mọ dọ́là dáadáa. Kí May 2023 tó parí, lítà kan ò tó ₦200 nílé epo NNPC, lẹ́yìn ìyẹn kò padà sẹ́yìn mọ́.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí èyí tó máa ń da èèyàn lórí rú jù, òun ni mo fi ṣe àkòrí: ta ló ń san owó tíṣà pírámárì? Mo bi bàbá yẹn. Ó ní gọ́mìnà. Onígbàjámọ̀ ní ìjọba àpapọ̀. Ọmọ kan tó ń ta ọ̀rá omi lẹ́nu ọ̀nà ní kánsù. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbà á díẹ̀ díẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Bó ṣe ń lọ rèé. Lóṣooṣù, wọ́n máa ń pín owó ní Abuja, èyí tí a máa ń gbọ́ nínú ìròyìn pé FAAC jókòó. Nínú owó tó wọ àpò orílẹ̀-èdè, ìjọba àpapọ̀ ń mú 52.68%, àwọn ìpínlẹ̀ 26.72%, àwọn kánsù 20.60%. Owó oṣù tíṣà pírámárì, inú ti kánsù ló ti ń jáde. Ṣùgbọ́n owó kánsù náà kì í bọ́ sọ́wọ́ kánsù tààrà, torí ìwé òfin 1999 ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àpò àjọni kan tí owó gbogbo kánsù ìpínlẹ̀ náà máa kọ́kọ́ balẹ̀ sí. Ti Oǹdó, kánsù 18 ni. Níbẹ̀ ni ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní JAAC ti máa ń jókòó lé e: wọ́n á kọ́kọ́ yọ owó tíṣà pírámárì, wọ́n á yọ owó pẹ́ńṣàn, wọ́n á yọ 5% àwọn ọba, èyí tó bá kù ni àwọn alága kánsù máa gbé lọ fi san owó òṣìṣẹ́ wọn, kí wọ́n tún fi tún gọ́tà ṣe. Tí ẹ bá rántí, ní nǹkan bí ogún ọdún ó lé sẹ́yìn, "zero allocation" kún ẹnu gbogbo èèyàn. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó tíṣà tán, kò ṣẹ́ ku nǹkan kan fún kánsù míì. Látìgbà yẹn ni òṣìṣẹ́ kánsù ti ń wo tíṣà bí ẹni tó jẹ oúnjẹ òun mọ́ tiẹ̀, tíṣà náà sì ń wo òṣìṣẹ́ kánsù bí ẹni tó ń jowú. Èmi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nínú àwọn méjèèjì, wọ́n kàn kó èèyàn méjì sídìí àwo kan ni.

Owó kánsù ni tíṣà fi ń jẹun, ṣùgbọ́n kì í ṣe kánsù ló gbà á síṣẹ́. SUBEB ló gbà á, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń mójú tó ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé nìyẹn, òun ló ń gbé e kiri, òun ló ń fún un ní ìgbéga. Wọ́n lè gbé e láti Àkúrẹ́ lọ sí ìsàlẹ̀ omi ní Ìlàjẹ, níbi tó máa wọ ọkọ̀ ojú omi kó tó dé kíláàsì, kó sì má rí kọ́bọ̀ fún ìnira yẹn. Ìjọba àpapọ̀ wá ń bọ̀ láti ẹ̀yìn pẹ̀lú UBEC, àjọ ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé tirẹ̀ tí òfin 2004 dá sílẹ̀. Òfin yẹn ní kí wọ́n máa yọ 2% nínú owó ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé, ìpínlẹ̀ á gbé iye tirẹ̀ sílẹ̀, UBEC á gbé iye kan náà lé e. Owó ńlá ni. Àfi pé owó yẹn, kíláàsì ni wọ́n fi ń kọ́, àga ni wọ́n fi ń kàn, ìwé ni wọ́n fi ń rà, wọ́n tún fi ń dá tíṣà lẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀. Kò sí fún owó oṣù. Ìdí nìyí tí ẹ fi máa rí ilé ìwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, páànù tuntun ń dán, wọ́n kọ UBEC/SUBEB gàdàgbà sára ògiri, tíṣà tó wà nínú ẹ̀ wá ń yá owó ọkọ̀ lọ́wọ́ olóúnjẹ. Àwọn èèyàn tó ń kọjá á ní "ìjọba ń gbìyànjú o". Wọ́n ń gbìyànjú lóòótọ́, ògiri ni wọ́n ń gbìyànjú fún.

Ajá tí ilé mẹ́ta jọ ń sìn ni mo fi ṣe àpèjúwe fún bàbá yẹn. Ilé kìíní á rò pé ilé kejì ti bọ́ ọ, ilé kejì á rò pé ilé kẹta ni. Tó bá gbó, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á ní ajá àwọn ni. Tí ebi bá ń pa á, kò ní olówó.

Ti tíṣà sẹ́kọ́ńdírì yàtọ̀. TESCOM, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń gba tíṣà sẹ́kọ́ńdírì síṣẹ́, ló ni wọ́n, inú àpò ìpínlẹ̀ gan-an ni owó wọn ti ń jáde, torí náà tí owó ò bá wọlé, wọ́n mọ ẹni tí wọ́n máa lọ dúró sẹ́nu géètì ẹ̀. Tíṣà iléèwé ìjọba àpapọ̀, bíi ti àwọn ọmọbìnrin tó wà níbí ní Àkúrẹ́, ọ̀dọ̀ Abuja ló ti ń gba tiẹ̀. Ẹ lè rí àwọn méjì tó jọ jáde ní Adéyẹmí ní Oǹdó, ọdún kan náà, kọ́ọ̀sì kan náà, bóyá wọ́n tiẹ̀ jọ gbé yàrá kan, iye tó ń wọ fóònù wọn lópin oṣù ò sì bára mu, kìkì nítorí géètì tí kálukú gbà wọlé. (Ti tíṣà iléèwé aládàáni, ẹ jẹ́ n má tiẹ̀ dé ibẹ̀ lónìí, torí àwọn míì níbẹ̀ ò rí owó tó kéré jù yẹn gan-an gbà, àwa òbí tí à ń san fíìsì náà sì mọ̀.)

Nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù dá ẹjọ́ kánsù ní 11 July 2024, pé kí owó kánsù máa lọ sápò kánsù tààrà, kí gọ́mìnà yé fọwọ́ kàn án, gbogbo èèyàn ló ń yọ̀. Àwọn tíṣà pírámárì ò yọ̀. NUT, yúníọ̀nù àwọn tíṣà, ní ẹ̀rù ń ba àwọn. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan bínú, wọ́n ní ṣé àwọn tíṣà yìí ti di ẹrú gọ́mìnà ni, kí ló dé tí wọn ò fẹ́ òmìnira? Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí ni wọ́n. Ní 1991, ìjọba ológun kó pírámárì lé kánsù lọ́wọ́ pátápátá. Kí ló ṣẹlẹ̀? Àwọn alága míì rí owó yẹn bí owó tó já bọ́ láti ọ̀run, owó oṣù tíṣà dúró lóríṣiríṣi ibi, tíṣà daṣẹ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ jókòó sílé, kó tó di 1993 ìjọba tún sáré dá ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó pírámárì padà, kí wọ́n lè máa yọ owó tíṣà láti òkè kó tó dé ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó jẹ ìyà yẹn ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ ọ́ fún àwọn tó kù. Torí náà kì í ṣe òmìnira kánsù ni tíṣà ń bá jà, ohun tó ń béèrè ni pé: ta ló máa kọ́kọ́ yọ tèmi sílẹ̀?

Ìbéèrè kan tí onígbàjámọ̀ bi mí nìyí, ó sì dáa: ṣebí Buhari sọ nígbà kan pé òun máa fún tíṣà ní owó tiwọn lọ́tọ̀? Ó sọ bẹ́ẹ̀. 5 October 2020 ni, ọjọ́ àwọn tíṣà lágbàáyé. Ó ní tíṣà máa ní àtẹ owó oṣù tiẹ̀, wọ́n á máa ṣiṣẹ́ fún ogójì ọdún dípò márùndínlógójì, wọ́n á máa fẹ̀yìn tì ní ọmọ ọdún 65 dípò 60. Ti ọdún iṣẹ́, òfin ẹ̀ jáde ní 2022. Ti owó, àǹtí mi ṣì ń wọ̀nà. Ohun tó fà á ni pé ìwé òfin fún Abuja lágbára láti sọ owó tó kéré jù fún gbogbo òṣìṣẹ́ Nàìjíríà, kò fún un lágbára láti sọ fún ìpínlẹ̀ pé kó san iye báyìí fún tíṣà báyìí. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ìlérí nípa tíṣà láti òkè fi máa ń dé ẹnu ààlà ìpínlẹ̀ kó jókòó síbẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 2008, NUT daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè nítorí àtẹ owó oṣù ọ̀tọ̀ tí wọ́n ń pè ní TSS, wọ́n ṣe títí, ohun tí wọ́n rí mú bọ̀ ni àláwansì 27.5%, ó tún wá di pé kí ẹ̀ka NUT kọ̀ọ̀kan lọ máa bá gọ́mìnà tiẹ̀ fà á. Nínú ìwé owó oṣù àǹtí mi, ó wà níbẹ̀, wọ́n kọ TPA sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mo ti rí ìwé yẹn. Inú àpò ìwé orin ló ń kó wọn sí, ó ká wọn sí mẹ́rin mẹ́rin. Lápá òsì, bésíìkì, owó ilé, owó ọkọ̀, owó oúnjẹ, TPA. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ tàn yín o, owó ilé tí wọ́n kọ síbẹ̀ ò lè gba yàrá kan ní Ìjàpó, bóyá ẹnu ọ̀nà ẹ̀. Lápá ọ̀tún, owó orí, owó yúníọ̀nù, àti àjọ alájẹṣẹ́kù. Apá ọ̀tún yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Owó orí tíṣà, wọ́n ti yọ ọ́ kó tó rí i, kò sí bó ṣe lè bá wọn dúnàádúrà bíi ti oníṣòwò. Alájẹṣẹ́kù ni pé wọ́n yá owó fíìsì ọmọ tàbí owó ilé, wọ́n wá ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ fún oṣù méjìdínlógún, kí ó tó tán wọ́n á ti yá òmíì. Àǹtí mi ní láti bí ọdún mọ́kànlá, òun ò tíì rí oṣù kan tí apá ọ̀tún ò wúwo. Tí wọ́n bá ní tíṣà ń gba báyìí, ẹ béèrè pé ṣé òkè ìwé ni àbí ìsàlẹ̀.

Ìgbéga tún ń bẹ. Wọ́n lè fún tíṣà ní lẹ́tà pé ó ti kúrò ní Level 9 bọ́ sí 10, kí owó tó bá lẹ́tà yẹn mu má wọlé fún ọdún kan, ọdún méjì. Wọ́n máa ń kí ara wọn kú oríire níbẹ̀ náà o, wọ́n á ra mínírà, wọ́n á pín bisikíìtì. Bó ṣe ń jẹ́ Level 10 lójú àwọn èèyàn, ó ń gba ti 9 nílé.

Àti owó àjẹsílẹ̀. Ní 2015 sí 2016, iye tí ayé ń ra epo rọ̀bì já wálẹ̀ láti 100 dọ́là ó lé ní àárín 2014 títí tó fi bọ́ sábẹ́ 30 dọ́là ní January 2016. Kí ló kan tíṣà Àkúrẹ́ tí kò rí kànga epo rí? FAAC náà ni. Owó tí Abuja ń pín dínkù, ti kánsù dínkù, iye tíṣà ò sì dínkù. Àìmọye ìpínlẹ̀ jẹ owó oṣù, Abuja ní láti yá ìpínlẹ̀ 27 lówó ní 2015, èyí tí wọ́n ń pè ní bailout. Lákòókò yẹn ni àǹtí mi ta fírísà ẹ̀, èyí tó fi ń ta omi tútù àti zobo fún àwọn aládùúgbò, fírísà tó sì ń mú owó wọlé ju iṣẹ́ ìjọba lọ lóṣù yẹn. Ó ní ohun tó dun òun kì í ṣe fírísà, pé ọjọ́ kejì tí òun tà á òun ṣì lọ pe orúkọ àwọn ọmọ ní aago mẹ́jọ.

Ó kan aago méjì tí bàbá yẹn ń sọ. Ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ní tíṣà pírámárì kan sí ọmọ 35. Àǹtí mi ní ọmọ 61 ní Primary 4, torí tíṣà tó ń kọ́ kíláàsì kejì fẹ̀yìn tì, wọn ò rọ́pò ẹ̀, wọ́n kàn wó ìyapa náà wọ́n da àwọn ọmọ pọ̀. Ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá 61, tó bá fi ìṣẹ́jú méjì péré wo ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí méjì ló ti lọ yẹn, kó tó kọ lesson note ọ̀la. Ọ̀gá ilé ìwé tún máa fọwọ́ sí note yẹn ní Monday. Ta ló wá délé ní aago méjì?

Kì í ṣe bó ṣe rí látilẹ̀ nìyí o. Bàbá àgbà mi, bàbá màmá mi, tíṣà ni. Ní 1975 tí wọ́n san owó Udoji, ìyẹn owó oṣù tuntun tí ìgbìmọ̀ Jerome Udoji ní kí wọ́n san, pẹ̀lú àjẹsílẹ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó fi páànù kan ilé tó ń kọ́ ní ọ̀nà Ìdànrè. Di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ilé Udoji la ń pe ilé yẹn. Tíṣà nígbà yẹn ló ń kọ lẹ́tà fún abúlé, òun ló ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ni wọ́n ń pè tí wọ́n bá ń parí ìjà tọkọtaya. Gọ́mìnà alágbádá tí ìpínlẹ̀ Oǹdó kọ́kọ́ dìbò yàn ní 1979, Adékúnlé Ajásin, tíṣà ni òun náà, ó ti ṣe ọ̀gá ilé ìwé ní Ọ̀wọ̀ kó tó wọ òṣèlú dáadáa. Ta ni ọmọ ẹ̀ ń sọ lónìí pé òun fẹ́ jẹ́ tíṣà, tí ẹ ò ní wò ó bíi pé ara ẹ̀ ò yá? Ẹ wo JAMB: ní 2024, 140 ni wọ́n ní kí yunifásítì má gbà kọjá sísàlẹ̀, ti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà jẹ́ 100. Ẹni tí máàkì ẹ̀ ò gbé dé ibi tó fẹ́ ni a ń rọ̀ pé kó lọ kọ́ iṣẹ́ tó máa fi kọ́ ọmọ wa. Lẹ́yìn náà a ó ní tíṣà ayé ìsinsìnyí ò mọ nǹkan kan.

"Ọ̀run ni èrè tíṣà wà." Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo fura pé kì í ṣe tíṣà. Ìgbà tí àwọn míṣọ́nnárì ni wọ́n ni ilé ìwé, ó lè yéni, torí tíṣà àti kateikíísì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹnìkan náà. Àwọn tíṣà fúnra wọn ò tiẹ̀ gbà á nígbà yẹn, torí ní July 1931 ni wọ́n ti da NUT sílẹ̀, tí Israel Oludotun Ransome-Kuti ṣe ààrẹ ẹ̀ àkọ́kọ́, ẹni ọ̀wọ̀ sì ni bàbá yẹn o, àlùfáà ni. Tí ẹnikẹ́ni bá yẹ kó gbà pé ọ̀run ni èrè wà, òun ni, ó sì dá yúníọ̀nù sílẹ̀.

Kékeré kan tó ń bí mi nínú, ẹ gbà mí láyè: ọ̀rọ̀ 26%. Gbogbo ìgbà tí ẹnu bá ya lórí ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà, ẹnìkan á ní UNESCO ní kí ìjọba fi 26% bọ́jẹ́ẹ̀tì sórí ẹ̀kọ́. UNESCO ò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní Incheon ní 2015 ni 15% sí 20% nínú owó tí ìjọba ń ná, tàbí 4% sí 6% nínú gbogbo ohun tí orílẹ̀-èdè ń pa wọlé. Mo ń sọ ọ́ torí pé tí ẹ bá lọ bá òṣìṣẹ́ ìjọba kan jiyàn pẹ̀lú 26%, ó máa já yín níbẹ̀, ìjíròrò yín á sì parí síbẹ̀. Ẹ mú èyí tó dájú dání. Iye tí wọ́n tiẹ̀ kọ sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì gan-an ò tó, ẹ béèrè iye tí wọ́n fi síta.

Bàbá yẹn wá bi mí bí wọ́n ṣe ń gẹ̀ ẹ́: "Ó dáa, tí n bá fẹ́ bínú, ta ni kí n bínú sí?" Mo ní bàbá, ó dá lórí ohun tó ń bí yín nínú. Tí iye tíṣà ò bá tó, tàbí ìgbéga ò lówó nínú, ìpínlẹ̀ ni, SUBEB àti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin níbí ní Alágbàka. Tí owó oṣù pírámárì ò bá wọlé rárá, ẹ béèrè lọ́wọ́ alága kánsù yín iye tí FAAC kọ sórúkọ kánsù yẹn lóṣù náà, torí wọ́n ń gbé e jáde lóṣooṣù, nǹkan gbangba ni, kó sọ iye tó dé ọwọ́ òun. Tí kíláàsì bá ń jò, UBEC wà níbẹ̀, ẹ béèrè bóyá ìpínlẹ̀ gbé owó tirẹ̀ sílẹ̀. Ó ní "ah, iṣẹ́ ńlá rèé", ó sì rẹ́rìn-ín. Onígbàjámọ̀ ò sọ nǹkan kan mọ́ nípa iṣẹ́ jẹ́jẹ́.

Mo gba ilé àǹtí mi lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Áláàtì ti wọlé láti àárọ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ẹ̀yìnkùlé, ó ṣí ìwé èsáísáìsì kan tó ti ya lẹ́yìn, orúkọ àwọn èèyàn ló kún un: ìyá oníresì, onígáàsì, ọ̀kadà tó ń gbé e lóṣooṣù, Súlíátù olóògùn. Ó ń fi rúlà fa ìlà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bá ti san, ìlà tó tọ́ bí ìgbà tó bá ń fa mágíìnì fún àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀. Nígbà tó fa ìkẹta, ó dúró, ó wo fóònù, ó pa ìwé náà dé. Ó ní tí mo bá gba Ọjà Ọba lọ́la, kí n bá òun ra ṣọ́ọ̀kì pákéẹ̀tì méjì, funfun kan, aláwọ̀ kan, pé ti ilé ìwé ti tán láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.